Ọjọ́ Tí Wọ́n Wá Bá Mi Ṣọ̀fọ̀ Ọkọ Tó Wà Láàyè

Ọjọ́ tí wọ́n wá bá mi ṣọ̀fọ̀ ọkọ mi, ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló wà lọ́rùn rẹ̀, pákò wà lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin mọ́kànlá ló dúró níwájú rẹ̀ nínú aṣọ dúdú àti pupa. Àwọn kan ru àga oníke, àwọn kan gbé àpò omi inú ọ̀rá. Ẹ̀rín máa ń pa mí tí mo bá rántí, ṣùgbọ́n ká má parọ́, ẹ̀bi mi ni. Ẹnu mi yìí ló fà á. Kì í dákẹ́ níbi tó yẹ kó dákẹ́, kì í sì í sọ̀rọ̀ níbi tó yẹ kó sọ̀rọ̀.

Kùmásì ní ilẹ̀ Ghana ni wọ́n bí mi sí. Bàbá bàbá mi ló ti Ìlọrin wá síbí wá ṣòwò tó fi di onílé. Twi, èdè àwọn Àṣáńtí, yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, Hausa kò sì ṣòro fún mi, ṣùgbọ́n tí inú bá bí mi, Yorùbá ni mo fi ń bú èèyàn, torí òun ló dùn ún fi búni. Okùn ìránṣọ, bọ́tìnnì, síìpù àti rọ́bà ìbàdí ni mo ń tà ní ọjà Kejetia. Obìnrin Àṣáńtí kan, ẹgbẹ́ mi, ló ni ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tèmi. Aṣọ òkú ló ń tà, dúdú àti pupa, ọjà rẹ̀ sì ń yá ju tèmi lọ, torí kò sí Sátidé kan tí wọn kì í ṣòkú ní Kùmásì. Ọdún mẹ́wàá la ti jọ wà níbẹ̀. A ti jà lórí ibi tí a ó gbé àga sí, a ti jà lórí oníbàárà, a ti jà lórí ẹni tó da omi síbi tí kò yẹ. Maame ni mo ń pè é. Òun náà ń pè mí ní Maame Àlátà, torí Àlátà ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí.

Níbi tí mo ti ń wẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan ni ọwọ́ mi ti kan kókó kan lábẹ́ ọmú mi òsì. Kò dùn mí, mo bá fi í sílẹ̀ títí ààwẹ̀ fi wọlé tó sì fi jáde. Nígbà tí mo wá dé ọsibítù, tí wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, dókítà ní jẹjẹrẹ ọmú ni. Ó ní wọn yóò máa fa oògùn sí mi níṣan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹfà, lẹ́yìn náà wọn yóò gé ọmú náà kúrò. Ó ní kò tíì pẹ́ jù, pé tí mo bá ṣe gbogbo rẹ̀ pé, ìrètí wà. Tí n kò bá ṣe é pé, òun kò ní lè ṣèlérí kankan fún mi. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi létí lẹ́ẹ̀mejì.

Èèyàn méjì péré ni mo sọ fún, ọkọ mi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí a jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Àwọn ọmọ mi méjèèjì wà ní Accra, n kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣòfin náà fún wa. Ó ní, "Àbúrò mi, ẹnu ayé ò dára. Tí wọ́n bá gbọ́ pé jẹjẹrẹ ni, wọn á ní ìwọ lo mọ ohun tí o ṣe. Ọmọbìnrin rẹ ò sì tíì lọ́kọ. Jẹ́ ká bo àṣírí ara wa." Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí mi. Ọdún méjì ni bàbá wa fi ṣàìsàn, "ara wọn ò le díẹ̀" la sì ń sọ fún aráyé títí a fi sin wọ́n.

Ẹ má rò pé wọ́n pa mí tì o. Walahi, mi ò rí irú ìtọ́jú yẹn rí. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ló ń ti Zongo, àdúgbò àwa Mùsùlùmí, wá, á gba ẹ̀yìnkùlé wọlé kí àwọn tí a jọ ń gbé má bàa bi í ní ìbéèrè. Á po ògì, á fọ aṣọ tí mo bì sí, á tún gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ọkọ mi, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ọkùnrin tí kò mọ ibi tí ṣíbí wà nínú ilé ara rẹ̀, kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ tí òórùn rẹ̀ kò ní lé mi kúrò nílé. Ó ní kí àfáà kan máa ka Yàsín fún "ẹnìkan tí ara rẹ̀ kò yá," àfáà náà ń kà á, kò mọ ẹni tó ń kà á fún. Mo gbádùn wọn dé ọkàn mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kò lè tẹ̀ lé mi lọ sí ọsibítù, torí tilé toko ló mọ̀ ọ́n ní ìlú yìí, wọn kì í sì í jẹ́ kí ọkùnrin wọ yàrá tí wọ́n ti ń fa oògùn fún àwa obìnrin. Èmi nìkan ni mo ń lọ, èmi nìkan ni mo ń bọ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́, obìnrin Àṣáńtí kan jókòó sí àga tó wà ní ọ̀kánkán mi. Obìnrin márùn-ún ló tẹ̀ lé e wá, pẹ̀lú ọkùnrin àgbà kan tó jẹ́ arákùnrin ìyá rẹ̀, tó dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀kan ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i, ọ̀kan ń bá nọ́ọ̀sì jà, ọ̀kan ń sọ fún gbogbo yàrá ohun tó ń ṣe é àti apá ibi tó wà. Mo pòṣé. Mo ní ẹ wo àwọn aláriwo yìí, bí ẹni pé ọjà ni wọ́n wá. Àbí kí ni n ó ṣe? Ìlara ni, mo kàn fi èébú bò ó ni.

Lẹ́yìn ẹlẹ́ẹ̀kejì, irun mi bẹ̀rẹ̀ sí í tú sórí ìrọ̀rí. Ọkọ mi gbé àpótí sínú yàrá láàárọ̀, ó fi abẹ fá ìyókù kodoro. Nígbà tó fá a tán, ó ní orí mi rẹwà ju bí òun ṣe rò lọ. Mo so gèlè, mo fi híjáàbù lé e, mo gba ọjà lọ. Nígbà tí Maame ní mo ń rù, mo ní ọgbẹ́ inú ni.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló bà á jẹ́. Nígbà tí mò ń bọ̀, èébì gbé mi nínú takisí ní Adum, n kò rí ọ̀rá tí n ó bì sí. Dẹ́rẹ́bà náà dúró, ó fà mí sọ̀kalẹ̀, ó ní mo ti mutí yó lọ́sàn-án gangan. Èmi ọmọ ilé kéwú! Mo bú u ní Yorùbá, mo bú u ní Twi, mo fi Hausa lé e, n kò sì lágbára láti dìde lẹ́bàá títì. Àwọn èèyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, wọ́n ń wo ọ̀mùtí oníhíjáàbù. Bí mo ṣe délé, mo ní ó tán, mi ò lọ mọ́. Kí oògùn náà máa wà níbẹ̀, kí ọmú mi sì máa wà láyà mi.

Ọ̀rọ̀ ọmú yẹn gan-an tún wà níbẹ̀. Tí ìyá bá fẹ́ bá ọmọ sọ ọ̀rọ̀ tó le jù lọ láyé, ọmú ló máa ń dì mú: "Ọmú tí o mu yìí!" Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìyá mi di tiwọn mú fún mi, mo sì ṣe ohun tí wọ́n ní kí n ṣe. Tí wọ́n bá gé tèmi, kí ni n ó dì mú? N kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ tó yẹ kí n gba ẹlẹ́ẹ̀kẹrin kọjá. Ti ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún náà kọjá. Nọ́ọ̀sì ń pè, n kò gbé e. Ó pe ọkọ mi, ó ní tí mo bá jókòó sílé báyìí, ohun náà yóò kọjá ọmú, agbára wọn kò sì ní ká a mọ́. Ọkọ mi bẹ̀ mí títí. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi tó jù mí lọ, kúnlẹ̀ níwájú mi ó ń sunkún pé, "Má jẹ́ kí n sin ọ́." Mo yíjú sí ògiri.

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo ń na ọwọ́ sí páálí okùn tó wà lókè. Ìṣó kan fa híjáàbù mi, ó fa gèlè tẹ̀ lé e, orí mi yọ síta gbọrangandan. Maame ń wò mí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ẹni tí kò bá gbé Kùmásì kò ní mọ̀. Tí obìnrin àgbàlagbà bá fá orí kodoro lọ́dọ̀ àwọn Àṣáńtí, òkú ló ṣe é, òkú tó sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Ó rọra bi mí, "Maame Àlátà, ọkọ rẹ ńkọ́?" Ẹni tó bá lọ́gbọ́n ìbá ní ó wà nílé. Ojú ló tì mí, ojú yẹn sì di ìbínú. Mo fa gèlè mi, mo ní, "Má bi mí nípa ọkọ mi! Ohun tó ṣe mí ti ṣe mí!" Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ sílé, n kò sì padà wá lọ́sẹ̀ yẹn.

Ẹ wò ó bí òun ṣe wò ó. Ó mọ̀ pé Mùsùlùmí ni wá. Ó mọ̀ pé àwa kì í gbé òkú sùn, pé ọjọ́ tí èèyàn bá kú náà la ń sin ín, láìsí ìwé ìkéde lára ògiri, láìsí ìkéde lórí rédíò. Ó wá rò ó pé ọkọ mi ti kú, a ti sin ín wéré, èmi obìnrin àlejò sì ń dá ọ̀fọ̀ mi ṣe nítorí pé n kò rí ẹni bá mi ṣe é. Kò lè gbà á. Ó lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù ní ìlà wa. Nígbà tó di Sátidé, wọ́n kó àga sínú trotro kan, ọkọ̀ èrò wa níbí, wọ́n wá.

"Due, due, due!" ni wọ́n ń kí bọ̀ láti títì, ìkíni ọ̀fọ̀ wọn nìyẹn. Ọkọ mi ṣílẹ̀kùn. Ìyá kan lára wọn tó ti ń ra bọ́tìnnì lọ́wọ́ mi dá a mọ̀, ló bá figbe ta, "Òkú ti dìde!" ó sì fò jáde, bàtà rẹ̀ kan kù sílẹ̀. Àpò omi já. Ọkọ mi yọ pákò lẹ́nu, ó ní, "Ta ló kú?" Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín! Èmi náà sáré jáde láìso gèlè. Maame wo ọkọ mi, ó wo orí mi, ó tún wo ọkọ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, n kò lè dúró, ẹ̀rín náà ló sì di ẹkún lẹ́nu mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn ní Twi, ní gbangba, láàárín agboolé, tí àwọn tí a jọ ń gbé ń yọjú lójú fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó tẹ orí ba.

Inú bí Maame. Ó ní, "Ọdún mẹ́wàá! Mo mọ iye ìgbà tí o ń lọ tọ̀ lójúmọ́, o wá fi èyí pamọ́ fún mi? O jẹ́ kí n sunkún ọkùnrin tó ń run pákò!" Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n to àga. Wọ́n sáà ti kó o wá. Wọ́n jókòó nínú aṣọ òkú wọn, wọ́n sì pe ìpàdé lé mi lórí. Ta ló máa bá a lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ wo? Ta ló máa ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀? Ọkọ mi fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀kan nínú wọn dá a lóhùn pé ọkọ kì í ṣe ẹbí, abusua ìyàwó rẹ̀ làwọn ń béèrè, ìyẹn ẹbí ìyá. Ìbínú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọkọ mi. Lọ́dọ̀ tiwa, ta ló tún ń sọ̀rọ̀ lórí ìyàwó ju ilé ọkọ lọ? Arákùnrin ìyá ló ń ṣolórí ẹbí lọ́dọ̀ wọn, wọ́n bá ní tèmi dà? Mo ní ó ti kú sí Ìlọrin, mi ò mọ̀ ọ́n rí.

Mo tọ́ka sí ẹ̀gbọ́n mi, mo ní ìyá kan náà ló bí wa. Gbogbo wọn dìde. Wọ́n mú un kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n gbé e jókòó sáàárín, wọ́n tò níwájú rẹ̀, wọ́n ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kí i kú ìyà, kú ìrọ́jú, kú ìtọ́jú àbúrò. Kò sẹ́ni tó kí i rí láti ọjọ́ tí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ta ni ìbá kí i, nígbà tí kò sẹ́ni tó mọ̀? Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún débi pé mo gbàgbé tèmi.

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n padà wá nínú aṣọ funfun, torí kì í ṣe ohun kékeré lọ́dọ̀ wọn láti ṣọ̀fọ̀ ẹni tó wà láàyè. Wọ́n gbé iṣu tí wọ́n fọ́, tí wọ́n fi epo pò, wá fún ọkọ mi, ẹyin sísè yí i ká. Wọ́n ní kó jẹ ẹ́ kí ẹ̀mí rẹ̀ lè balẹ̀. Ó ṣe bísímílà, ó jẹ ẹ́ mọ́, ẹyin mẹ́fà. Ó ní tó bá wù wọ́n, kí wọ́n tún wá ṣòkú òun lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mo padà sí ọsibítù. Dókítà bá mi wí bí ọmọdé, mo sì dákẹ́, ohun tí n kì í ṣe. Wọ́n tún oògùn náà bẹ̀rẹ̀. Obìnrin mẹ́ta ló ń tẹ̀ lé mi ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Èmi náà wá di aláriwo inú yàrá yẹn. Wọ́n ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí mi, wọ́n ń bá nọ́ọ̀sì jà nítorí ìrọ̀rí, wọ́n ń bi dókítà ní ohun tí n kò láyà láti bi í. Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ dùn o. Lọ́jọ́ kan, Maame sọ fún gbogbo èrò inú trotro pé jẹjẹrẹ ló ń ṣe mí, kí wọ́n sún kí n lè na ẹsẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a lẹ́nu. Ṣùgbọ́n wọ́n sún, mo sì na ẹsẹ̀ mi délé.

Nígbà tí gbogbo Kùmásì ti gbọ́, àwọn obìnrin àsàlátù wa náà gbọ́. Wọ́n wá ní méjì méjì lẹ́yìn àdúrà, wọ́n wọlé jẹ́jẹ́, wọn kò dárúkọ àìsàn náà lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n gbé oyin wá, wọ́n gbé omi sàmúsàmù wá, wọ́n gbá ilé, wọ́n fọ ìkòkò, wọ́n sì ṣe àdúrà tó gùn títí oorun fi gbé mi lọ. Ní ọjọ́ tí ariwo bá sú mi, ìdákẹ́jẹ́ wọn ni mo máa ń fẹ́. Ní ọjọ́ tí ẹ̀rù bá ń bà mí, mo máa ń fẹ́ kí Maame wá pariwo. Ṣùgbọ́n èmi mọ èyí tó gbé mi padà sí ọsibítù.

Wọ́n gé ọmú náà. Mo sunkún rẹ̀, n kò ní parọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń fi omi gbígbóná nù mí lára láràárọ̀, kò sì gbé ojú kúrò níbẹ̀ rí. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti wà nílé, Maame wá, ó ní kí n ṣí aṣọ. Mo ṣí i. Ó tẹ̀ síwájú, ó wo ojú abẹ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ní, "Ó tẹ́ dáadáa. Dókítà yìí mọ nǹkan rán." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó ní òun fẹ́ tètè dé ọjà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ń ká aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ká èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó fi í lélẹ̀, ó jókòó tì mí. Ó gbá ọwọ́ mi mú, ó tì í bọ abẹ́ híjáàbù rẹ̀, ó gbé e lé ọmú rẹ̀ ọ̀tún. Ọwọ́ mi ti mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó le, kò yẹ̀.

"Ìgbà wo ló ti wà níbí?"

"Ó ti wà níbẹ̀ kí tìrẹ tó bẹ̀rẹ̀."

Kí tèmi tó bẹ̀rẹ̀! Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Gbogbo aṣọ tó fọ̀ fún mi, gbogbo ògì tó pò, ọjọ́ tó kúnlẹ̀ níwájú mi tó ń bẹ̀ mí pé kí n má kú, nǹkan yìí wà láyà rẹ̀. Mo fẹ́ jà. Mo fẹ́ gbá a mọ́ra. Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

Ó ní, "Ìwọ ni mò ń tọ́jú lọ́wọ́. Tí mo bá dùbúlẹ̀, ta ni ìbá tọ́jú rẹ?"

Mo dìde pẹ̀lú àyà mi tí kò tíì jinná. Mo ṣí ilẹ̀kùn. Maame ti ń sọdá títì, ó ti na ọwọ́ sí trotro. Mo fi gbogbo ohùn tó kù lára mi kígbe, gbogbo agboolé yọjú: "Maame! Padà wá! Má lọ ọjà mọ́! Ẹ̀gbọ́n mi náà ní kókó lọ́mú!"

Mo bojú wẹ̀yìn, mo ń retí kí ẹ̀gbọ́n mi ní kí n rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ti ń wá bàtà tí yóò wọ̀ lọ sí ọsibítù.